Orúkọ Olóògbé Tó Ń Júwe Ọ̀nà

Èmi kì í bẹ̀rù òkú. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun ní Festac, ìkànnì ni mo ń ṣe fáwọn oníṣòwò, ohun tí mi ò bá sì fojú rí, n kì í gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ màmá tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ní kúlóòsì wa, bí a ṣe ń pe òpópónà kéékèèké ní Festac, orí mi ṣì máa ń wú.

Àwọn àti ọkọ wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe ìkànnì wọn, orúkọ Bàbá la sì fi sọ ọ́. Bàbá fúnra wọn ló kọ bí èèyàn ṣe ń wọn ọrùn àti èjìká síbẹ̀, wọ́n fi fọ́tò ara wọn sí i, téèpù lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni tó bá wá aṣọ akọrin lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí ládùúgbò wa, Bàbá ni yóò kọ́kọ́ rí.

Bàbá wá kú. A sin wọ́n tán, wọn ò kúrò lókè lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti Abúlé Adó, ó kó ìwọ̀n aṣọ àwọn akọrin ìjọ wọn dání. Ó ní òun fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lọ́rùn, torí Bàbá sọ fún òun pé ọ̀fun tó ń kọrin máa ń wú.

Màmá béèrè pé níbo ló ti rí Bàbá.

"Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, Mọ́mì. Ẹ bá mi kí wọn o."

Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, Màmá wá bá mi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí n pa orúkọ yẹn rẹ́, kí n fi orúkọ tiwọn ṣe tuntun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n so ti àtijọ́ mọ́ tuntun, kí ẹni tó bá tẹ ti àtijọ́ lè bá ara rẹ̀ nínú tuntun. Ridáírẹ́ẹ̀tì làwa oníṣẹ́ ń pè é. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní òkú kì í júwe ọ̀nà fún alààyè. Inú bí mi, àmọ́ àwọn ló ni orúkọ, mo ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Ni ṣọ́ọ̀bù bá dá páropáro. Ẹ̀rọ ìṣàwárí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, orúkọ ló mọ̀, gbogbo bí àwọn ìjọ ṣe ń júwe Bàbá fún ara wọn láti ọjọ́ yìí wá, ara orúkọ yẹn ló wà. Ti Màmá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kúlóòsì, tí kò sẹ́ni tó lè júwe ilé rẹ̀. A wá a títí lórí ẹ̀rọ ìṣàwárí, a bá àwọn tó ń ta pósí pàdé ká tó kàn án. Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé ní Agboju wá ní kí wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Màmá sunkún lójú mi. Wọn ò fẹ́ fi ilé tí wọ́n bá ọkọ wọn gbé sílẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbà kí n so orúkọ àtijọ́, tí owó ọdún tí a san lé e lórí ò tíì tán, mọ́ tuntun. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo tẹ orúkọ olóògbé láti dán an wò. Ojú ìwé náà ṣẹ́jú, ó funfun, Màmá ló yọ sí mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ Màmá ń gòkè, títí ó fi jókòó síbi tí Bàbá jókòó sí, iṣẹ́ sì padà.

Màmá wá sọ ìtàn ọkùnrin kan nílùú wọn fún mi. Ó ti kú, àmọ́ wọ́n rí i nílùú mìíràn tó ń ta aṣọ. Ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan pe orúkọ rẹ̀ lọ́jà ló pòórá. Màmá ní ẹni tó bá rí àkúdàáyà kì í pariwo, kí n má sọ̀rọ̀ Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, ó tó àkókò láti tún sanwó gba orúkọ àtijọ́ fún ọdún mìíràn. Mo lọ bá Màmá, mo ní ẹ̀rọ ìṣàwárí ti mọ̀ wọ́n dáadáa báyìí, a lè jẹ́ kó lọ. Mo ní àkọsílẹ̀ ìkànnì fi hàn pé kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ wọlé mọ́, àfi ẹnì kan ṣoṣo láàárín Festac níbí, láràárọ̀. Mi ò mọ ẹni náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń kọ mí lóminú.

Ẹsẹ̀ Màmá dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Látìgbà tí Dádì ti fẹ́ mi, mi ò pe orúkọ wọn rí. Mi ò fẹnu pè é báyìí náà o, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n á sì mú mi padà wálé."

Mo tún orúkọ náà gbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tí mo bá ń kọjá láàárọ̀ báyìí, tí mo sì rí iná fóònù lójú Màmá nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, mo máa ń rọra rìn, n kì í kí wọn títí wọ́n á fi ṣílẹ̀kùn.