Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Hóró wẹ́wẹ́ dúdú ń ta pàràpàrà nínú epo gbígbóná lódì kejì ògiri, mo sì mọ̀ pé Pááttì ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lórí àtẹ̀gùn. Wọn kì í da hóró náà sínú epo àfi tí mo bá ti ń bọ̀ láti ilé ìwé. Wọ́n ní èmi ni aago wọn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, òórùn á ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀: epo yanmọti, àgbọn rírín, àti ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jọ ewé dóńgóyárò ṣùgbọ́n tí kò korò rárá. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn á ṣì tutù, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi fọ̀ ọ́ tán. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ilé káńsù ni o, ní àjà kẹta, ní Peckham nílùú London.

Pááttì ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní èdè Tamil tí wọ́n ń sọ nílé wọn. Wọn kì í ṣe ìyá àgbà tèmi. Aládùúgbò wa ni wọ́n, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ìlú kan tó ń jẹ́ Madurai, ní gúúsù Íńdíà, ni wọ́n ti wá, bí àwa náà ṣe ti Ìbàdàn wá. Màmá mi ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell, ọ̀sán ni wọ́n sì máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Pááttì ni mo máa ń wà títí wọ́n á fi dé.

Mùsùlùmí ni wá. Nínú yàrá Pááttì, lórí àpótí kan tí wọ́n fi aṣọ pupa bò, ère òkúta dúdú kékeré kan jókòó síbẹ̀, orí erin ló ní, ikùn rẹ̀ yọ síta bí ikùn aláṣejù oúnjẹ. Fìtílà ń jó níwájú rẹ̀. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Jẹ oúnjẹ wọn, kí o sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti gbé síwájú ère yẹn, má fẹnu kàn án."

Mo sọ ọ́ fún Pááttì bó ṣe rí, ọmọdé ò mọ ọ̀rọ̀ í dì. Wọn ò bínú. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé kaná: ńlá kan, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ wò kí wọ́n tó bù nínú rẹ̀ fún ère, àti kékeré kan tó jẹ́ tèmi. Wọ́n á ṣí ọmọrí rẹ̀ fún mi, wọ́n á ní: "Tìẹ rèé. Sọ fún ìyá ẹ pé Ọlọ́run tèmi ò tíì rí i."

Bí wọ́n bá ń rín àgbọn ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ìlú wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá mi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní tẹ́ńpìlì ńlá kan wà láàárín Madurai, tí àwọn òpópónà yí i ká bí àpótí nínú àpótí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tẹ́ńpìlì ńlá yẹn ni ọkàn wọn wà. Òmíràn wà ní oríta àdúgbò wọn, lábẹ́ igi, kékeré bí ìsọ̀ alágbàtà. Ilé ọkọ wọn ló ń tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan oúnjẹ, Pááttì á ti fi omi wẹ òkúta inú rẹ̀, wọ́n á fi epo pa á lára, wọ́n á tan fìtílà. Awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ṣe ìdánwò, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń bínú, gbogbo wọn ló ń dúró díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó kọjá.

Ìlú wá ń fẹ̀, ọkọ̀ ń pọ̀, wọ́n ní àfi kí wọ́n la ọ̀nà náà gbòòrò. "A ò ní kí wọ́n má la ọ̀nà," ni Pááttì sọ fún mi. "Àwa náà ń wọ bọ́ọ̀sì. Àyè la tọrọ, ká fi mú ẹni tó ń gbé ibẹ̀ jáde."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbé òkúta náà lọ sílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òkúta nilé. Ìwọ, bí o bá ń kó lọ, ṣé ilé lo máa gbé, àbí àwọn tó wà nínú ilé?"

Wọ́n ṣàlàyé pé bí wọ́n bá fẹ́ tún tẹ́ńpìlì ṣe nílùú àwọn, àdúrà ni wọ́n ń fi pe ọlọ́run inú rẹ̀ jáde sínú ìkòkò omi. Wọ́n á fi òwú wé ìkòkò náà, wọ́n á fi ewé máńgòrò sí i lẹ́nu, wọ́n á gbé àgbọn lé e. Inú omi yẹn ni á máa gbé títí ilé rẹ̀ á fi parí, wọ́n á sì wá da omi náà padà sórí òkúta. Lójú ọ̀nà, ìkòkò náà ò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ibi tó bá ti kanlẹ̀, ibẹ̀ ló jókòó sí nìyẹn.

Wọ́n mú ọjọ́ tó dára. Katapílà ò dúró de ọjọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀ ló dé. Nígbà tí Pááttì fi máa sáré débẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, igi ti wó, òkúta ti wà nínú lọ́rì pẹ̀lú iyanrìn àti àfọ́kù bíríkì. Ọkọ wọn sá tẹ̀lé lọ́rì náà títí tí kò fi rí i mọ́. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò dáwó, wọ́n kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tuntun, ó tóbi, ó ní táìlì. Pááttì ò lọ.

"Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀," ni wọ́n ní.

Wọ́n gbà pé abẹ́ ọ̀dà ni ọlọ́run wọn wà, tí bọ́ọ̀sì ń gun orí rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ sọdá, wọ́n á bọ́ bàtà wọn láàárín títì, nínú oòrùn. Àwọn awakọ̀ á fọn fèrè, wọ́n á ní, "Ìyá yìí, ṣé orí ẹ pé?" Pááttì á rọra sọdá, wọ́n á wá wọ bàtà wọn padà.

Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n máa wó ilé tiwa náà ní Peckham, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Lífítì ò ṣiṣẹ́, ògiri ń sunkún omi látòkè délẹ̀. Màmá mi ti ń sọ̀rọ̀ ilé tó ní ọgbà, níbi tí wọ́n á ti gbin ewúro. Àwọn èèyàn ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi páànù irin dí ẹnu ọ̀nà wọn bí wọ́n bá ti jáde. Pááttì ń rín àgbọn wọn lọ ní tiwọn. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n kàn dáwọ́ dúró.

"Lọ́tẹ̀ yìí," wọ́n ní, "katapílà ò ní bá a nílé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó, mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn láti àárọ̀. Àpótí aláṣọ pupa ti lọ. Ère olórí erin wà nínú agolo bisikíìtì, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Ẹnu yà mí pé ọwọ́ kan ni Pááttì fi gbé e fún ọmọkùnrin wọn, bí ẹni gbé ife òfìfo. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ra ni ìkòkò idẹ kan, tí wọ́n fi òwú wé, ewé máńgòrò yí ẹnu rẹ̀ ká, àgbọn tí wọ́n fi àtalẹ̀ pupa kùn jókòó sórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin wọn ti háyà ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a kẹ́rù ti jókòó níwájú.

"Àmmá, ẹ jẹ́ n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Màá rọra wà á," ni ó bẹ ìyá rẹ̀.

"Pẹ̀lú àga àti bẹ́ẹ̀dì? Bí wọ́n ṣe kó o pọ̀ mọ́ bíríkì lọ́jọ́sí?"

"Ẹ dúró dè mí nígbà náà, màá padà wá mú yín. Ẹni tó fẹ́ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ń retí mi. Bó bá ti ọ́fíìsì, títì la máa sùn."

"Mo ti dúró rí," ni Pááttì dáhùn.

Ó wò wọ́n títí, ó mi orí, ó sì lọ. Ní ìsàlẹ̀ wa, a ń gbọ́ ẹ̀rọ àwọn tó ń fi irin dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti dé àjà kejì.

Pááttì gbé ìkòkò sí ìbàdí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò tíì sọ̀ jìnnà tí ìkòkò náà fi ń yọ̀ ní ìbàdí wọn. Àgbọn ń mì. Omi ta sí wọn lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà, wọn ò sì lè gbé e kalẹ̀. Mo na ọwọ́. Wọ́n mi orí: ọwọ́ mi kéré. Mo sáré lọ pe Màmá mi.

Màmá mi jáde pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára, wọn ò tíì wé ìborí wọn tán.

"Mọ́mì, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sinmi," wọ́n ní.

"Kò ṣeé gbé kalẹ̀."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Omi ni." Pááttì ìbá ti dákẹ́ síbẹ̀. Wọn ò dákẹ́. "Ọlọ́run mi wà nínú ẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín."

Màmá mi wo ìkòkò náà. Wọ́n wo ọwọ́ tó di irin àtẹ̀gùn mú. Ẹ̀rọ ń ké nísàlẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi Yorùbá sọ̀rọ̀: "Ìwọ lo kó mi sí èyí. Sáré lọ mú táwẹ̀lì wá."

Wọ́n ká táwẹ̀lì náà róbótó, wọ́n fi ṣe òṣùká, wọ́n gbé e ka orí.

"Omi ni mo gbọ́," wọ́n sọ fún Pááttì. "Ìyókù, ẹ̀yin àti Ọlọ́run lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Omi pípọn la fi bẹ̀rẹ̀ ayé ní ilé bàbá mi. Ẹ gbé e rù mí."

Wọ́n tẹ orúnkún ba, Pááttì gbé e rù wọ́n. Ọrùn Màmá mi nà, èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí obìnrin kan tí n kò rí rí. Àgbọn náà ò mì mọ́. Wọ́n sọ àtẹ̀gùn náà kalẹ̀ láì wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kọjá láàárín àwọn onírin, àwọn yẹn sì yà fún wọn.

A fẹsẹ̀ rìn láti Peckham dé Camberwell, níbi tí ilé tuntun wọn wà. Pááttì bọ́ bàtà wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan mú un, wọ́n fi ìkejì di èjìká mi mú. Ilẹ̀ tutù. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń wò wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta káàdì tẹlifóònù pariwo látẹnu ìsọ̀ rẹ̀:

"Àǹtí, ṣé omi ti tán ní Peckham ni?"

"Ó kù nílé bàbá ẹ," ni Màmá mi dáhùn, wọn ò yí orí. "Ibẹ̀ ni mo ti pọn ọ́n!" Wọ́n wá sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún mi: "Má pa mí lẹ́rìn-ín o."

Ẹ̀rín ò pẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí iná ojú pópó dá wa dúró, obìnrin kan tí òun àti Màmá mi jọ ń lọ sí àsàlátù dúró níwájú wa. Ó wo ewé, ó wo òwú, ó wo Pááttì tí kò wọ bàtà.

"Ìyá Ràbí, kí lẹ rù yìí?"

"Ẹrù aládùúgbò mi."

"Ẹrù wo?"

"Èyí tí kò lè dá rù."

Iná yí padà, a sì sọdá.

Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ilé tuntun náà wà, kò ní àtẹ̀gùn. Ọmọkùnrin Pááttì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó rí wa lókèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Màmá mi tẹ orúnkún ba, Pááttì fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí wọn, wọ́n sì gbé e wọlé. Màmá mi ò wọlé. Wọ́n dúró níta, wọ́n ń fọwọ́ ra ọrùn. Láti ẹnu ọ̀nà, mo rí i tí wọ́n tú ère náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, mo gbọ́ tí omi ń dà sórí rẹ̀, òórùn òkúta tútù àti àtalẹ̀ sì jáde bá wa.

Nígbà tí Pááttì jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Màmá mi. Màmá mi fò sẹ́yìn.

"Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tó bí mi lọ́mọ!" Ni Màmá mi náà bá kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n di ara wọn lápá mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

Màmá mi pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, arúgbó ni mo bá pọn omi." Wọ́n wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa gbà wá. "Ó wúwo ju omi lọ, àbí ọrùn mi ló ti gbó?" Wọn ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé wọn.

Àwa náà kó lọ sí Catford. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń lọ kí Pááttì. Nígbà tó yá, ìwé mi le, iṣẹ́ Màmá mi pọ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo dá lọ, obìnrin tí n kò mọ̀ rí ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ọmọkùnrin ìyá náà ti mú wọn lọ sí ìlú mìíràn, àríwá ló jọ, kò mọ ibi tó jẹ́ gan-an.

Màmá mi ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé mi kọjá ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀, àwọn ilé tuntun tó dára ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń ṣeré lójú ọ̀nà. N kò bínú sí wọn. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni ìrìn Pááttì kejì, èyí tí n kò rí. N kò mọ ẹni tó gbé ìkòkò náà jáde ní Camberwell. N kò mọ̀ bóyá wọ́n rí ewé máńgòrò, tàbí bóyá wọ́n rí ẹni bi wọ́n pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" N kò mọ nǹkan í rù lórí bíi Màmá mi, London ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kéré mọ́. Ká ní wọ́n ránṣẹ́ pè mí ni, ǹ bá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ǹ bá gbé e mọ́ àyà, ǹ bá rọra máa rìn.