Bí Mo Ṣe To Dúrọ́ọ̀ B Ní Ipò Àgbà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tó rò pé òun ti dàgbà, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kúrò nílé ìwé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó lé mi. Ilé ìwé ló sú mi, èmi náà sì ti sú àwọn tíṣà. A pínyà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bàbá mi, tó ń rán fìlà ní agbo ilé wa l'Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn, ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn sọ pé ọ̀nà méjì ló kù: kí n ríṣẹ́ gidi kan kí n sì dúró tì í, tàbí kí n lọ bá àbúrò òun lábúlé, kí n máa ro oko kòkó. Mo ti lọ sí oko yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò mọ oko náà dáadáa, ṣùgbọ́n yànmùyánmú ibẹ̀ mọ̀ mí.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyá mi bẹ ẹnì kan, ẹni yẹn bẹ ẹlòmíràn, mo bá ríṣẹ́ ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Agodi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣé ẹ rí ayé mi? Oko tí mo ń sá fún, òun ni gbogbo ìwé ibẹ̀ ń sọ: àrùn kòkó, àìsàn adìẹ, irú ilẹ̀ tí iṣu fẹ́ràn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi béèrè ọdún tí wọ́n bí mi. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ nílé wa. Ìyá mi kàn mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni, òjò sì ń rọ̀. Mo bá fi ọdún kan tó wù mí sí i.

Iṣẹ́ náà ò le. Lẹ́yìn tí mo bá ti fẹsẹ̀ rìn gba Bẹẹrẹ débẹ̀, màá nu eruku, màá lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dá ìwé padà, màá sì kó ìwé tí wọ́n bá ti kà tán padà sórí pẹpẹ. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan bíi nọ́ńbà ojúlé, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní mo lè nù lóde, àmọ́ tí n ò gbọdọ̀ tú inú rẹ̀, ni kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó ní dúrọ́ọ̀ bí àpótí kéékèèké tí wọ́n ń fà jáde, A sí Z, tí wọ́n to káàdì sí. Gbogbo ìwé inú ilé náà ló ní káàdì tiẹ̀ níbẹ̀: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ìwé, àti nọ́ńbà tí wọ́n máa fi rí i. Ẹni tí ò bá rí káàdì ò lè rí ìwé. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá wa, ìyàwó pásítọ̀ kan tó máa ń wo èèyàn gba orí gíláàsì, òun nìkan ló ń to káàdì.

Lọ́jọ́ kan, ìyá lọ jẹun ọ̀sán. Mo ń nu dúrọ́ọ̀ B, tí wọn ò tì dáadáa, mo rí irin gígùn kan tó gba àárín àwọn káàdì kọjá. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo fà á yọ. Mo wá gbé dúrọ́ọ̀ náà sókè kí n lè wo ìdí rẹ̀. Irin yẹn ló ń di káàdì mú.

Káàdì bo ilẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu. Mo ti ń gbọ́ ohùn yànmùyánmú létí.

Mo kúnlẹ̀, mo ń ronú bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ ABC dáadáa o, ṣùgbọ́n B ni gbogbo orúkọ inú dúrọ́ọ̀ yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n mi sọ fún mi pé ABC ti parí iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Mo wá rí i pé wọ́n kọ ọdún ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo! Kí lèèyàn tún ń fi ọdún ìbí ṣe, bí kò ṣe láti mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n? Nílé wa, bí wọ́n bá ń pín ẹran, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló ń kọ́kọ́ mú. Mo bá to àwọn òyìnbó náà bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ṣáájú, àbúrò tẹ̀lé e. Àwọn tí wọn ò kọ ọdún ìbí wọn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo kó wọn sí, bí àlejò tó dé lẹ́yìn tí oúnjẹ tán. Mo ti irin padà. Inú mi dùn débi pé mo súfèé, nínú láíbìrì.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá kan tó ń ṣèwádìí àrùn kòkó wọlé, ó ṣí dúrọ́ọ̀ B. Ó wò ó títí. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wò.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe dúrọ́ọ̀ yìí?"

Ìyá dìde wá. Ó tú bí ogún káàdì wò, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró lórí ọdún kan, tó sún sórí òmíràn. Ó yíjú sí mi.

"Wá níbí. Ta ló tò ó báyìí?"

"Èmi ni mà. Ó já bọ́ ni mà."

"Kí ló dé tí ẹni tó ti kú tipẹ́ yìí fi wà níwájú?"

"Òun lẹ̀gbọ́n wọn, mà."

Ọ̀gá kòkó bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ọmọ Ìbàdàn ni! Ó ti fi àgbà wọn jẹ mọ́gàjí agbo ilé."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ká ní káàdì tìẹ wà níbẹ̀, ibo lò bá fi í sí? Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?"

Ọdún tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ti fò lọ lórí mi. "Ẹ̀yìn ni mà," ni mo sọ. "Ẹ̀yìn pátápátá."

Ìyá fi káàdì kan bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti padà bó ṣe wà. "Fa àga yẹn wá. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá bára mu, wo ìkejì. Bí ìkejì bá bára mu, wo ìkẹta. Bí ẹyọ kan bá ṣì lòdì lọ́jọ́ Jímọ̀, má padà wá mọ́."

Mo tò ó. Mo tò ó títí lẹ́tà fi ń rìn kiri lójú mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Lọ nu dúrọ́ọ̀ C. Má fọwọ́ kan irin." Ó wá ṣí fáìlì mi, ó ka ọdún ìbí tí mo kọ síbẹ̀ sí mi létí. "Há a sórí, kí ẹlòmíràn tó bi ẹ́."

Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ oko kòkó nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi darúgbó.

Wọ́n ti kó kọ́bọ́ọ̀dù yẹn dà nù báyìí. Ọmọ ọmọ mi á tẹ lẹ́tà mẹ́ta lórí fóònù, ìwé á jáde. Fóònù náà ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò, kò sì sóhun tí mo lè dà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé ó dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà ń bá mi forúkọ sílẹ̀ ní láíbìrì kan lórí fóònù náà. Fóònù béèrè ọdún ìbí mi, ó sì kọ̀, kò jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

"Bàbá àgbà, ọdún wo?"

Mo sọ èyí tí ìyá ọ̀gá wa ní kí n há sórí. Òun náà ni wọ́n fi fún mi ní rìtáyà. Irọ́ yẹn ti dàgbà, ó ti hu ewú. Kò sẹ́ni tó tún lè ní kó lọ jókòó lẹ́yìn.