Èjí Ọ̀gá Ọkọ̀

Àbúrò mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, eyín ló ń ṣe. Kì í ṣe dókítà eyín o. Dókítà ló ń yọ ti Ọlọ́run; àbúrò mi ló ń ṣe èyí tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé: tábìlì kan lójú fèrèsé, iná kan tó tẹrí ba, ìda pupa nínú agolo mílíìkì, àti ẹnu tí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun rọ, tó kún orí pẹpẹ mẹ́rin bámúbámú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé máa rò pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Eléyín ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyá wa fún un lórúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi pè é lónìí, kò ní bojú wẹ̀yìn.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Tí Kò Gúnlẹ̀. Apá méje ló ti jáde láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Àwọn èèyàn kan wọ ọkọ̀ kúrò nínú ayé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ìràwọ̀, wọn ò tíì rí i. Èmi tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ilé sinimá láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo ti wo méjèèje. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Èmi ni àkọ́bí. Ẹni tó tẹ̀ lé mi la ń pè ní Onífíríìjì, torí fíríìjì ló ń tún ṣe. Eléyín ni àbíkẹ́yìn. Ìyá wa ló mú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ wo apá kìíní, a jókòó sí ìlà kẹfà, ìlà kẹfà náà la sì ń jókòó sí láti ọjọ́ yẹn. Ìyá wa ní èjí. Nínú àwa ọmọ, Onífíríìjì nìkan ló jogún rẹ̀. Ọ̀gá Ọkọ̀ inú fíìmù náà ní èjí, ìyá wa a sì máa pè é ní "ọmọ mi," bí ẹni pé òun ló bí i. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí ìyá wa ti dolóògbé.

Ẹ wá gbọ́ bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí apá keje, Ọ̀gá Ọkọ̀ jáde sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti lọ tún nǹkan kan ṣe. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn síta. Fíìmù tán. Àwọn èèyàn tú sí gbàgede iwájú fèrèsé mi, wọn ò lọ sílé. Awakọ̀ búrẹ́dì ní ọkọ̀ mìíràn ló máa gbé e. Tíṣà ìṣirò yọ bírò, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní atẹ́gùn tó wà nínú aṣọ ọkùnrin náà ò lè ju ti ìṣẹ́jú méjìlélógójì lọ. Onífíríìjì mi orí.

"Òtútù kì í pa nǹkan," ó ní. "Ńṣe ló ń pa á mọ́. Ọ̀gá Ọkọ̀ wà láàyè."

Eléyín ní, "Bọ̀dá, ẹran tí wọ́n bá kó sínú fíríìjì kì í dìde."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni, à bá ti lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn èèyàn wọ̀ ọ́ lára, ó tún fi kún un pé, "Ẹ ò mọ nǹkan kan ju fíríìjì lọ."

Onífíríìjì wò ó títí. Ó ní, "Ìwọ náà ò mọ nǹkan kan ju ẹnu olẹ́nu lọ." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn ọmọ ìyá kan náà fi yan ara wọn lódì nítorí ọkùnrin tí kò sí láyé, tí kò mọ̀ wọ́n, tí wọ́n sì sanwó fún kó máa díbọ́n. Àárín ilé wọn ò ju òpópónà méjì lọ. Èmi ni mo wá di ilé ìfìwéránṣẹ́. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Eléyín pé àkàbà mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀." "Àǹtí, ẹ sọ fún Bọ̀dá pé mo ti dá a padà lọ́dún tó kọjá." Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní ahọ́n àti ẹnu náà ń jà, wọ́n sì ń bára wọn gbé. Ohun tí kálukú wọn máa sọ ni pé kí n bá òun kí ẹnì kejì.

Ó dùn mí o. Mi ò ní parọ́. Àwa mẹ́ta péré ló kù.

Lọ́dún yìí ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù kéde pé apá mẹ́ta mìíràn ń bọ̀: ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀kẹwàá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìtọ́wò jáde, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré nínú apá kẹjọ. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan dé akoto, akoto náà fọ́ nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan la rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tán. Yéè! Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ẹni ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ní ìrọ̀rùn mọ́. Ẹni tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù ìfẹ́ máa dúró bi mí bóyá Ọ̀gá Ọkọ̀ ni. Ṣé èmi ni mo dé akoto fún un ni?

Eléyín fi gíláàsì tó fi ń wo eyín wo ìtọ́wò náà lórí fóònù. Ó ní ìgbà igba lòun wò ó, mo sì gbà á gbọ́, torí kò fá irùngbọ̀n lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé ó wá sí gbàgede, gbogbo wọn yí i ká. Ó ní kò sí èjí. Ó ní eyín òkè Alákoto, bí a ṣe wá ń pe ọkùnrin tó dé akoto yẹn, dì pọ̀ pinpin, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá.

"Èèyàn lè yí orúkọ padà," ó ní, "ó lè yí ohùn padà. Eyín kì í parọ́. Ọ̀gá Ọkọ̀ ti kú."

Awakọ̀ búrẹ́dì ṣí fìlà. Ta ló fẹ́ bá eléyín jiyàn lórí eyín?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Onífíríìjì, bí iṣẹ́ mi. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì oníbàárà kan. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹni tó ń ṣe eyín fún gbogbo ìlú ló ń sọ pé eyín kì í parọ́? Tí wọ́n bá ṣe eyín tuntun fún Ọ̀gá Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

"Mi ò sọ," mo ní. "Ó ti sú mi. Ẹsẹ̀ rẹ ò dá, lọ sọ ọ́ fúnra rẹ."

Ó ronú sí i. Ó ní òun máa sọ ọ́, lọ́jọ́ tí apá kẹjọ bá jáde, lójú gbogbo wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò jẹ́ kó rí i. Mo lọ fi ìwé sórí ìjókòó mẹ́ta ní ìlà kẹfà pé wọ́n ti gbà wọ́n. Máníjà bi mí pé ta ló gbà wọ́n. Mo ní ìdílé kan ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Onífíríìjì àti ọmọ oníbàárà kan ń gbé fíríìjì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, fíríìjì yọ̀, ó gbá a lẹ́nu. Gbogbo fíríìjì tó ti wò sàn láti ọjọ́ yìí, ọ̀kan padà wá kí i. Eyín iwájú òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Èjí ìyá wa bá wọn lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, Onífíríìjì fi aṣọ bo ẹnu, ó sì mú mi búra pé mi ò ní sọ fún Eléyín. Mo búra. Mo sunkún délé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. Dókítà kì í kọ orúkọ aláìsàn ránṣẹ́ sí Eléyín. Ẹnu símẹ́ńtì ló máa ń dé, nọ́ḿbà lára rẹ̀, àti ìwé tó sọ irú eyín tí wọ́n fẹ́. Kò mọ̀ bóyá ọba ni tàbí olè. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, mo gbójú sókè, òun ni mo rí lójú fèrèsé mi. Kò kí mi.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé Bọ̀dá ti ká eyín?"

"Èmi ò mọ nǹkan kan."

"Nọ́ḿbà igba ó lé méjìlá."

"Mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Ṣé o fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ó dúró síbẹ̀. Ẹni mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìwé náà sọ pé kí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pọ̀ pinpin, kó má sí àlàfo kankan. Wọ́n tiẹ̀ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí kò fẹ́ èjí?" Èmi náà ò mọ̀, mo sì ti búra, nítorí náà mo ní kó kúrò fún àwọn oníbàárà.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbà kó rọ símẹ́ńtì sí òun lẹ́nu láti fi gba àwòṣe eyín. Onífíríìjì ló gbà. Ó jókòó, ó la ẹnu, nǹkan ọ̀hún ń dí i lọ́fun, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì yọ ọ́ títí símẹ́ńtì fi gan. Ẹnu àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ Eléyín, lápá òsì lókè, ó ti pọ́n bí eyín arúgbó. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wọn èjí inú rẹ̀. Ó sọ ìwé iṣẹ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ṣe eyín mẹ́rin pẹ̀lú èjí, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, kò tíì ta ko ìwé dókítà rí.

Ọjọ́ apá kẹjọ pé. Gbàgede kún. Eléyín tètè dé, ó dúró ti ògiri. Nígbà tó yá, Onífíríìjì wọlé, ó pa ẹnu mọ́ tipẹ́tipẹ́. Ó gba àárín gbogbo wọn kọjá, ó lọ dúró síwájú àbúrò rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ta ló ní kí o fi èjí sí i?"

Eléyín wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ní kí n fi sí i, Bọ̀dá."

"Mo ní kó dì pọ̀. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ wá dúró síbí lónìí pẹ̀lú eyín tó dì pọ̀ bíi ti Alákoto, kí n bi ọ́ lójú gbogbo wọn pé ṣé èmi kọ́ ni. O ba ẹ̀rí mi jẹ́!"

"Ẹ má bínú."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹ àgbàdo!"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

Lẹ́yìn náà mo rí i tí ojú Onífíríìjì yí padà, bí ìgbà tó bá gbọ́ ohun tó ń dùn nínú ẹ̀rọ.

"Dúró ná. Ṣé orúkọ mi wà lára nǹkan tí wọ́n gbé wá?"

"Kò sí."

"Ṣé eyín iwájú kankan wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé èmi ni?"

Eléyín nu ojú. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé mo lè ṣì yín mọ̀ ni?"

"Kò sí orúkọ. Kò sí eyín. O sì mọ̀ mí." Onífíríìjì rọra ń sọ ọ́. "Alákoto wá ńkọ́?"

Eléyín wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo èjí ìyá wa tó wà níbẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú," ó ní.

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ọ̀rọ̀ fíìmù ló sọ. Èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà, mo mọ̀ pé ó ti tọrọ àforíjì. Mo ti fèrèsé mi pa, mo sunkún dáadáa, mo tún un ṣí, mo ta tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tàdínlógún tó kù.

Mo wọlé lọ jókòó sáàárín wọn ní ìlà kẹfà, níbi tí mo máa ń jókòó. Wọ́n pa iná. Kí àwòrán tó jáde, Onífíríìjì tẹ̀ sí etí mi.

"Àǹtí, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun."

Mo dìde. Mo gbé báàgì mi, mo lọ jókòó sí ìpẹ̀kun ìlà, mo sì ní kí wọ́n sún mọ́ ara wọn.