Igbá Òjò Tí Mo Yà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bódìjà, ìdí mi kì í pẹ́ lórí àga. Màmá mi a máa bi mí bóyá èèrà ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo lè fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lọ wo ẹni tó ń kọjá. Bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, àwọn ẹyẹlé aládùúgbò ni yóò bá mi ṣà á tán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti ní kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ gbé apá sókè rí, ẹ mọ bí eékún mi ṣe máa ń rí.

Àwòrán yíyà nìkan ni mo lè jókòó tì. Ṣùgbọ́n lésìnnì ìṣirò ni Bàbá fẹ́ kí n máa lọ ní Sátidé, èmi sì ń fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bùọ̀dá Láyí, ayàwòrán tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Agbowó. Nígbà tí ilé ìwé wa kéde ìdíje àwòrán, Bàbá ní, "Bí wọ́n bá gbé tìrẹ kọ́, wàá lọ. Bí wọn ò bá gbé e kọ́, má dárúkọ Agbowó fún mi mọ́."

Mo ti yọ́ jáde nígbà tí tíṣà wa, Mísìsì Adégòkè, ń ṣàlàyé ohun tí a máa yà. Nígbà tí mo padà, ọ̀rọ̀ méjì ni mo bá lójú pátákó, láìní àmì ohùn kankan: IGBA OJO. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò ó pé kò sẹ́ni tó lè ya ìgbà. Igbá ló ṣeé yà.

Mo ya ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí ìkùukùu, tó ń da omi inú igbá ńlá sórí Ìbàdàn. Ẹja àrọ̀ ń bá onítakisí nájà ní Dùgbẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta di agboòrùn mú lórí Ilé Àwòṣífìlà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀dà olómi ń fẹ́ sùúrù: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kí èèyàn tó kun òmíràn. Mo fẹnu fẹ́ ẹ, mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, mo sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ Màmá. Síbẹ̀, búlúù ṣàn wọ inú yẹ́lò, ojú ìyá arúgbó sì di àwọ̀ ewé. Ife tíì Bàbá ni mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì pe orúkọ mi.

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n ta okùn sí gbọ̀ngàn, wọ́n sì fi pẹ́ẹ̀gì gbé àwòrán àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ́: agbàrá, bàtà òjò, àgbàdo sísun. Mísìsì wo tèmi títí. "Ìgbà òjò ni mo ní kí ẹ yà. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ igbá?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a padà fún mi.

Ó dùn mí dọ́kàn, ṣùgbọ́n mi ò lọ sílé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè bí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà, kí ẹni tó bá ń wọlé lè rí i. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín sí ẹja náà, wọ́n sì ń kọjá. Òórùn àkàrà ń ta sánsán lẹ́yìn ọgbà, mi ò lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Bàbá tó dé. Wọ́n dúró, ojú wọn ń ti orí ewúrẹ́ bọ́ sórí ẹja.

"Láti ìgbà wo lo ti dúró síbí?"

"Láti àárọ̀ ni, sà."

"Ìwọ tí ìdí ẹ kì í pẹ́ lórí àga?" Wọ́n gba àwòrán náà. "Sọ apá ẹ kalẹ̀. Sátidé, èmi fúnra mi ni n ó mú ẹ lọ Agbowó."

Lóde òní, fóònù ni mo fi ń fi àwòrán mi han ayé. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi àtàǹpàkò tì í kọjá, èmi náà á sì máa yẹ fóònù wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ara mi ò ní balẹ̀. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, tí a lọ kó ẹrù ọ́fíìsì wọn, ìyá arúgbó mi ni mo bá lára ògiri, ní ọ̀kánkán àga wọn. Wọ́n ti gbé e kọ́ láti ọjọ́ náà.