Ààlà tó Gba Ẹ̀yìn Ilé Wa Àtijọ́

Ojú máa ń tì mí. Bí àgbà bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò títí á fi fi mí sílẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, aṣọ ni mo sì ń rán ní Otokiti, ní Lokoja. Oníbàárà mi kan, olùkọ́ yunifásítì ní Adankolo, gbọ́ pé ọmọ Oworo ni mí, ó ní kí n mú òun lọ sí abúlé wa. Ó ń wá ahoro àwọn baba ńlá wa, àti ibi tí ilẹ̀ wa ti bá ti abúlé kejì pààlà.

Ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní igi irú méjì ní ahoro, níbi tí ilé wa wà kí gbogbo wa tó kó wá sí etí títì. Irú yẹn ló ń tà tó fi tọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá ń wá ààlà kiri, ìjà ló ń wá.

Bàálẹ̀ wa àti bàálẹ̀ abúlé kejì bá wa lọ, pẹ̀lú àwọn àgbà tó mọ ààlà dáadáa. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Kò kàn sí méjì tó mọ ọ̀kan náà. Ọ̀kan ní odò ni, òmíràn ní òkúta tí bàbá bàbá òun máa ń jókòó lé ni. Wọ́n ń bú ara wọn lọ títí a fi dé ahoro. Ibẹ̀ ni bàálẹ̀ abúlé kejì ti rí pèrègún tó tò sínú igbó.

Àríyànjiyàn parí. Ta ni ò mọ̀ pé pèrègún la fi ń pààlà? Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n da ọtí sílẹ̀, wọ́n kí àwọn baba ńlá. Olùkọ́ ń ya fọ́tò. Mo gbójú sókè, mo rí igi irú ìyá àgbà, méjèèjì, ní òdìkejì pèrègún, ní apá ti abúlé kejì. Bàálẹ̀ abúlé kejì náà ti rí wọn. Ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé kó má ṣèyọnu, òun á máa fi irú díẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n mo mọ pèrègún yẹn. Bàbá àgbà ló gé e rì mọ́lẹ̀, tó fi ṣọgbà balùwẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Omi ìwẹ̀ ló mú un hù. Iná igbó ti jó apá yòókù, ẹ̀gbẹ́ kan ló ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kànìnkànìn bó mi lára nígbà tí mo wà ní kékeré.

Mo fa apá olùkọ́, mo ní kó bá mi sọ ọ́. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìlú. Mo wolẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, balùwẹ̀ wa nìyẹn."

Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo ní kí wọ́n họ ìdí rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ tí ìyá àgbà ń dúró lé wà níbẹ̀. Wọ́n fi àdá họ ọ́, òkúta yọ.

Bàálẹ̀ wa wo ọtí tí ilẹ̀ ti mu tán. "Kò burú," ó ní. "A ti kí ìyá yín náà."

Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n padà sídìí ìjà odò àti òkúta. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ irú mọ́.

Ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Ìyá àgbà ń fọ irú, kò wojú mi.

"Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó máa lanu, balùwẹ̀ mi ló ń júwe fún bàálẹ̀ méjì."

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà sí Lokoja, irú tó bù sínú ọ̀rá fún mi pọ̀ débi pé ẹni tí a jọ jókòó nínú mọ́tò ní kí n ṣí fèrèsé.