Ọ̀já Tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Gbà Mọ́ Mi Níkùn

Mo lẹ́wà nígbà èwe mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi.

Ní agboolé wa ní Bẹ̀yẹrúnkà, bí ìyàwó ilé bá bímọ, ìyá mi ni wọ́n máa ń pè. Màámi á fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì gba ọ̀já mọ́ ọn pinpin títí ikùn á fi wọlé.

Ọdún tí a gba òmìnira ló kàn mí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi jáde. Dókítà kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ò sí nítòsí nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí mo délé, Màámi ní, "Tìẹ yìí, a ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni o. Mi ò mọ ti ọ̀bẹ."

Mo yarí. Wọ́n ti sún ìsọmọlórúkọ dè mí, gáùn léèsì tí a ra aṣọ rẹ̀ ní Gbági ò sì gbà mí mọ́.

Mo ní, "Dókítà ní kò séwu, Màámi."

Irọ́ ni. Màámi ṣe bísímíláì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Èmi ni mo ń sọ pé kí wọ́n gba ọ̀já náà le sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ọyún ti rin ín gbindin, ojú abẹ ti là.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan tí kò tó ọmọ wọn lọ́jọ́ orí béèrè ẹni tó ṣe irú èyí. Ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan.

"Èmi ni. Ọmọ mi ní kí n má ṣe é, mi ò gbọ́."

Nọ́ọ̀sì náà bú wọn bí ẹni bú ọmọdé. Mo yíjú sí ògiri.

Oṣù méjì ni mo fi dùbúlẹ̀. Ikùn náà ò wọlé títí dòní. Ìròyìn ti délé ṣáájú mi, kò sì sẹ́ni tó tún pe ìyá mi mọ́. Ẹlòmíì ni wọ́n ń pè láti Ìsàlẹ̀ Òsì. Màámi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gbọ́ bí ẹlòmíì náà ṣe ń da omi gbígbóná fún ìyá ọmọ lẹ́yìnkùlé. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni n ó jẹ́wọ́.

Ọdún kẹfà ni Màámi kú. Èmi ni mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wọlé fún àwọn obìnrin agboolé tó fẹ́ wẹ̀ wọ́n. Mo di ọwọ́ ìyá mi mú.

Mo ní, "Èmi ni mo parọ́. Màámi ò jẹ̀bi."

Ọ̀kan nínú wọn rọra fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí omijé mi kán sí wọn lára.