Òkété Yíyan àti Ẹja Tí Kò Ní Párì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé ìwé kan lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá, lẹ́yìn tí ogun òyìnbó parí. Títí dòní, ara mi kì í lélẹ̀ tí mo bá rántí ẹ̀!

Mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà níbẹ̀ nígbà náà, alábẹ̀wò ilé ìwé sì ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Bí mo bá yege, mo di tíṣà gidi. Bí n kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún dán an wò nìyẹn.

Èmi ọmọ Òwu, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo kàwé. Mo rí ẹja òyìnbó kan nínú ìwé, tí wọ́n ń pè ní lámúpírè, tí kò ní párì rárá. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn bí eṣúṣú, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mu. Nígbà tó bá kéré, inú ẹrẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sí. Mo ní màá fi wé òkété tiwa níwájú àwọn ọmọ, tóun náà ń gbẹ́ ihò, àmọ́ tó ní párì tó ń ṣí tó ń pa dé. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Mo bẹ Baba Ògúndélé, àgbẹ̀ tó ń dẹ pàkúté, pé kí wọ́n bá mi mú òkété kan wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà. N kò lè jókòó sójú kan lọ́sẹ̀ náà. Mo ya ẹja sára bọ́ọ̀dù, mo pa á rẹ́, mo tún un yà.

Alábẹ̀wò ti jókòó kí Baba tó dé. Baba tú ewé tí wọ́n fi di òkété. Háà! Òkété yíyan! Wọ́n ti wi irun ẹ̀, wọ́n ti ká a, wọ́n ti fi igi gún un.

Baba ní ṣé ẹran tútù, tirun-tirun, lòun yóò wá lé tíṣà lọ́wọ́ ni? Ẹ̀bi mi ni. N kò sọ pé ààyè ni mo fẹ́.

Mo bá ya ẹnu òkété, mo fi párì ẹ̀ han àwọn ọmọ, mo tọ́ka sí ẹja orí bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ ń na ọrùn kí wọ́n lè rí i. Mo ní mo ti là nìyẹn!

Alábẹ̀wò wá bi mí pé ẹnu mélòó ni ihò òkété máa ń ní. Èmi kẹ̀? N kò mọ̀! Gbogbo ọmọ kíláàsì nawọ́ sókè, wọ́n mọ̀ ọ́n, àfi èmi tíṣà wọn.

Baba wò mí tàánú-tàánú. “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀yìn kíláàsì yín yìí náà ni mo ti mú un.”

Alábẹ̀wò kò fún mi ní yege, mo fìdí rẹmi. Ó dùn mí, mo sunkún bí ọmọdé!

Mo mọ ẹja tí n kò rí rí, n kò mọ ẹran tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri mi. Ẹ jẹ́ ká mọ tilé ká tó máa fi tòkèèrè yangàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nítòsí yín tó ti dójú tì yín rí? Ẹ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan!